Òrùka Wo Ni Ó Yẹ Kí N Fi De Awò Mọ́ Ìbọn Ọdẹ Mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra awò ìbọn, èyí tí a ń gbé sórí ìbọn láti fi wo ẹran tó jìnnà, tí gíláàsì iwájú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 50, tí ìbú ọ̀pá rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 30. Ẹni tí ó tà á fún mi ní oríṣi mẹ́ta ni òrùka tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ìbọn: èyí tó kúrú, èyí tó wà láàárín, àti èyí tó ga. Ó ní kí n kúkú mú èyí tó ga kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé dandan sì ni kí ó jẹ́ irin gidi, àbí alumíníọ́mù náà tó?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó náwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra èyí tó ga. Òrùka méjì yìí nìkan ni ó so awò pọ̀ mọ́ ìbọn, bí wọ́n bá sì yẹ̀ díẹ̀, ọta tí ó yẹ kí ó wọ ọkàn ẹran lè bọ́ sí ìfun rẹ̀, kí ẹran náà sì sá lọ jẹ̀rora kú níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Ìdí nìyí tí mo fi ka yíyan òrùka mọ́ ojúṣe ọdẹ sí ẹran tí ó ń dọdẹ rẹ̀.

Orúkọ mẹ́ta tí wọ́n sọ fún yín kò ní ìwọ̀n kan pàtó nínú. Ohun tí ilé iṣẹ́ kan pè ní kúrú lè ga ju ohun tí òmíràn pè ní àárín lọ, nítorí pé kò sí àdéhùn kankan láàárín wọn lórí rẹ̀. Pabanbarì rẹ̀ ni pé àwọn kan ń wọn gíga òrùka láti orí irin ìjókòó (irin orí ìbọn tí a ń de òrùka mọ́) dé àárín ọ̀pá awò, nígbà tí àwọn mìíràn ń wọ̀n ọ́ dé ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà. Nítorí náà, ìwọ̀n tí a kọ sínú ìwé ọjà ni kí ẹ máa wò, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ mọ ibi tí wọ́n wọ̀n ọ́ dé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ yọ gbogbo ọta kúrò nínú ìbọn, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí i pé inú rẹ̀ ṣófo. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé awò yín sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fi kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìbú nǹkan, wọn ìbú ẹnu iwájú rẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Gíláàsì nìkan kọ́ ni ẹ ó wọ̀n, nítorí pé irin tó yí i ká ń fi kún un; lórí awò bíi tiyín, ó lè tó mìlímítà 57. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 28.5. Ẹ fi mìlímítà 2 kún un kí àlàfo lè wà láàárín awò àti ọ̀pá ìbọn, ó di 30.5. Ẹ wá wọn bí orí irin ìjókòó ṣe ga ju ẹ̀yìn ọ̀pá ìbọn lọ, níbi tí ẹnu awò yóò ti dúró gan-an. Bí ó bá jẹ́ 6, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 30.5, yóò ku 24.5. Gíga tí àárín ọ̀pá awò kò gbọdọ̀ dín sí nìyẹn, láti orí irin ìjókòó. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ọ̀pá ni ilé iṣẹ́ náà ń wọ̀n dé, ẹ tún yọ ìdajì ìbú ọ̀pá, tí í ṣe 15, kúrò, ó wá ku 9.5. Bí ẹ bá fẹ́ máa dé ìdérí mọ́ ẹnu awò, ìdérí náà ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ sì fa irin ọwọ́ tí ẹ fi ń ki ọta dé òpin kí ẹ rí i bóyá yóò kan ẹ̀yìn awò, nítorí pé àwọn ìbọn kan wà tí ó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Èyí tó kúrú jù lọ tí kò sì kan nǹkan kan ni ó dára jù. Bí awò bá ga jù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín kò ní lè fara ti ìdí ìbọn dáadáa, ẹ ó máa na ọrùn kí ẹ tó rí inú awò, ojú yín kò sì ní bọ́ sí ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹran bá yọ lójijì, àkókò tí ẹ fi ń wá ojú awò kiri ni yóò fi lọ.

Ní ti ìbú òrùka, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀: ọ̀pá tó jẹ́ mìlímítà 30 gba òrùka 30 nìkan. Ti ínṣì kan, èyí tó jẹ́ mìlímítà 25.4, kò bá a mu rárá, bẹ́ẹ̀ ni ti 34.

Ẹ kò sọ irú irin ìjókòó tó wà lórí ìbọn yín, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń náwó lásán. Bí ó bá jẹ́ Picatinny, tí iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní 1995, fífẹ̀ àwọn kòtò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5.23, láti àárín kòtò kan dé àárín èkejì sì jẹ́ 10.01. Kòtò ti Weaver kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òrùka tí a ṣe fún Weaver sábà máa ń wọ Picatinny, ṣùgbọ́n òrùka Picatinny kì í sábà wọ Weaver, nítorí pé irin ìdábùú abẹ́ rẹ̀, tó ń wọ inú kòtò, nípọn jù. Ní ti àwọn ilé iṣẹ́ bíi Sako, CZ àti Ruger, wọ́n gé ibi ìjókòó sára ọ̀pọ̀ ìbọn wọn, òrùka tí a ṣe fún irú ìbọn náà gan-an ni ó sì yẹ kí ẹ rà fún un.

Alumíníọ́mù tó dára, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní 7075, tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn ọdẹ, kò sì ní wúwo lọ́wọ́ yín. Irin gidi ni n óò yàn fún ìbọn tó ń tàpá gan-an, bíi èyí tó ń yin ọta .375 H&H, bí awò orí rẹ̀ bá tún wúwo.

ÌBÉÈRÈ: Mo dè awò mi dáadáa, síbẹ̀ lẹ́yìn ìbọn díẹ̀ ó ń rìn síwájú nínú òrùka. Ṣé kí n túbọ̀ dè é pa ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Síkúrù tí a dè jù lè tẹ ọ̀pá awò wọnú, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má sì lè yí mọ́ nígbà tí ẹ bá ń tò ó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìbọn ń tàpá sẹ́yìn, awò sì fẹ́ dúró sí ibi tó wà. Ẹ tú u, kí ẹ fi spírítì nu ọ̀rá kúrò lára ọ̀pá àti nínú òrùka. Kí ẹ tó de òrùka mọ́ ìjókòó, ẹ tì í síwájú títí irin ìdábùú rẹ̀ yóò fi kan ògiri iwájú kòtò, nítorí apá ibẹ̀ ni awò yóò máa tì sí. Ẹ wá fi sípánà tó ń wọn agbára dè síkúrù orí òrùka, díẹ̀díẹ̀, láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, kí àlàfo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní kí ó wà láàárín 1.7 sí 2 Newton-mítà. Ti ilé iṣẹ́ tó ṣe òrùka yín ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù síkúrù sí i lórí òrùka, nítorí pé bí ó bá ṣì tutù, ó ń mú kí síkúrù yọ̀, kí ó sì le ju bí sípánà ṣe kà á lọ.

Bí ó bá tún rìn lẹ́yìn èyí, ó ṣeé ṣe kí òrùka méjèèjì má wà lórí ìlà kan náà. Òrùka Signature ti ilé iṣẹ́ Burris ní ike kan nínú tó ń yí tẹ̀lé ọ̀pá awò, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe máa fi nǹkan ha inú òrùka fúnra rẹ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ǹjẹ́ òrùka tí a lè fi ọwọ́ tú ṣeé gbára lé?

ÌDÁHÙN: Èyí tó dára ṣeé gbára lé, ó sì wúlò bí òjò bá bo gíláàsì tí ẹ sì fẹ́ lo ojú irin ìbọn, èyí tí a fi ń wo ọ̀kánkán láìsí awò. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò ní pápá ìtafà-ìbọn ná: ẹ yin ọta mẹ́ta, ẹ tú awò náà, ẹ dá a padà sínú kòtò kan náà, kí ẹ sì yin mẹ́ta mìíràn sí bébà kan náà. Bí ọta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò bá kóra jọ, ẹ dá òrùka náà padà fún ẹni tó tà á.