Àtàǹpàkò Kì Í Ṣe Ìdáhùn

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí mo ti dárúkọ gúrúùpù ewì orí WhatsApp níbí lóṣù tó kọjá lẹ ò ti jẹ́ n sinmi mọ́, lẹ́tà lóríṣiríṣi, fọ́ìsì nóòtì oníṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Mẹ́rin ni mo mú. Mo gé àwọn kan kúrú torí ẹ̀yin akéwì yìí, ẹ lè kọ́ alága ìdúró ní ọ̀rọ̀ sísọ.

*Ẹ káàárọ̀ mà. Télọ̀ ni mí n'Ìbàdàn níbí, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti wà nínú gúrúùpù ewì kan, a ju igba èèyàn lọ níbẹ̀. Alẹ́ ni mo máa ń kọ tèmi, lẹ́yìn tí mo bá ti ká aṣọ oníbàárà nílẹ̀ táwọn ọmọ ti sùn, nígbà míì iná ò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń ríran. Tí mo bá gbé e síbẹ̀ báyìí, àtàǹpàkò méjì, “ẹ kú iṣẹ́ o” ẹyọ kan, ó parí. Ṣùgbọ́n tí àdímìn wa bá kọ “ẹ káàárọ̀, oòrùn ti yọ”, ogójì èèyàn á ti bọ́ síta, “háà bàbá, ẹnu yín ò ní kan!” Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé ewì tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ síbẹ̀, lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi, ẹni tó kọ̀wé tẹ̀lé e ń polówó gàrí Ìjẹ̀bú. Ẹ sọ òótọ́ fún mi mà, ṣé gúrúùpù ni kí n fi sílẹ̀ àbí ewì fúnra ẹ̀?* — Abẹ́rẹ́ Òru, Ìbàdàn

Abẹ́rẹ́ Òru, ẹ má bínú, gàrí Ìjẹ̀bú yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ti ṣẹlẹ̀ sémi náà rí, panla ni wọ́n gbé lé tèmi lórí.

Ẹ jẹ́ n bi yín. Nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré tẹ́ ẹ bá pòwe lójú àgbà, ṣebí tọ́tọ́ ó ṣe bí òwe lẹ máa ń sọ? Kí làwọn àgbà máa ń dá yín lóhùn? Wọn kì í pàtẹ́wọ́, wọn kì í sọ pé òwe yẹn mà dùn o. Wọ́n á kàn ní “wàá rí òmíràn pa”. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò dáadáa o, ohun tó ń sọ ni pé a gbọ́ èyí tó o pa yìí, a ò sì tíì fẹ́ kó o dákẹ́. Àtàǹpàkò ò lè sọ ìyẹn láyé. Ẹni tó tẹ àtàǹpàkò lè má tíì ka ìlà kejì, ó lè jẹ́ pé inú dánfó ló wà tó ń bá kọ́ńdọ́ jà lórí ṣéńjì, ọwọ́ ẹ̀ ló kàn lọ síbẹ̀.

Àbí ẹ ti gbọ́ àwọn babaláwo rí tí wọ́n bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, ìyẹn ewì Ifá tí wọ́n ń fi ohùn orin sun? Ẹnì kan láá máa dá a, àwọn tó kù á máa dá a lóhùn pé “hin-in”, lẹ́yìn ìlà kan, “hin-in”, lẹ́yìn òmíràn, “hin-in”. Ẹni tó ń dá a mọ̀ nínú hin-in yẹn pé ojú ọ̀nà lòun ṣì wà, pé gbogbo etí tó wà níbẹ̀ ń bá òun rìn ni. Tó bá ṣìnà wọn ò ní dáhùn bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn gidi nìyẹn, torí pé ẹni tí ò gbọ́ ò lè mọ ibi tó yẹ kóun ti sọ ọ́.

Ìgbà témi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ irú gúrúùpù bẹ́ẹ̀, bàbá kan tí n ò mọ̀ rí fi fọ́ìsì nóòtì ránṣẹ́ sí mi lọ́tọ̀, kò pé ìṣẹ́jú kan. Kò sọ pé ó dáa, kò kí mi kú iṣẹ́. Ó kàn ka ìlà kẹrin mi sókè, ó tún un kà, ó wá dákẹ́ díẹ̀, mò ń gbọ́ adìẹ tó ń ké lẹ́yìn ẹ̀, ó wá ní, “ìyá, ibi tẹ́ ẹ ti dá ohùn dúró yẹn, ta ló kọ́ yín? Èyí tó kù ńkọ́?” Tí mo bá ní mo gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá n ò purọ́. Ọdún yẹn ni mo kọ ewì jù láyé mi, gbogbo ẹ̀ tìtorí bàbá kan àti adìẹ ẹ̀.

Ẹni ẹyọ kan bẹ́ẹ̀ lẹ nílò, ẹ ò nílò igba. Ẹ wo àwọn méjì mẹ́ta nínú gúrúùpù yẹn tí ewì tiwọn máa ń wọ̀ yín lára, ẹ lọ bá wọn níkọ̀kọ̀, ẹ mú ìlà kan, ẹ sọ ohun tí ìlà yẹn ṣe fún yín, ẹ má tíì mẹ́nu ba tiyín o. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọ́wọ́ fi ń mọ́. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi ara yín léèrè náà, ewì àwọn ẹlòmíì tẹ́ ẹ̀yin kà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mélòó lẹ dá lóhùn kọjá àtàǹpàkò? Mo kàn béèrè ni o. Ní ti ogójì tó ń kí àdímìn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, wọn ò fẹ́ kó yọ àwọn ni.

Bó bá sì jẹ́ pé ìpalọ́lọ́ yẹn ló ń dùn yín jù, ẹ rántí Denrele Ọbasá, akéwì ni, Ìbàdàn tiyín níbẹ̀. Láti 1924 ló ti ní ìwé ìròyìn The Yoruba News, inú ẹ̀ ló ń tẹ ewì sí, ta ló ń bá a tẹ láìkì? Ìwé ewì ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1927, ìkejì di 1934, ìkẹta di 1945. Ọdún méjìdínlógún! Ẹ̀yin ń bínú nítorí ọ̀sẹ̀ kan àti gàrí.

Ẹ fi ewì ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ránṣẹ́ sí mi. Mi ò fi ṣàwàdà, mo fẹ́ kà á.

*Ẹ nlẹ́ ma. Peckham ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá tí màmá mi fi ń bá mi wí náà ni mo gbọ́. Mo kọ ewì fún bàbá mi tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì ní London kó tó fẹ̀yìn tì, mo gbé e sí gúrúùpù. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí tíṣà kan ti kó àṣìṣe mi jọ, mẹ́tàdínlógún, ó to nọ́ńbà sí wọn, ó gbé e síta lójú gbogbo èèyàn. Èyí tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín jù ni “oko baba mi gun pupọ”. Ó ti di oṣù méjì báyìí, n ò kọ nǹkankan mọ́.* — Ọmọ Dẹrẹba, London

Ọmọ Dẹ́rẹ́bà, ẹ pẹ̀lẹ́, mo rẹ́rìn-ín, mo tún bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin fẹ́ sọ pé ọkọ̀ bàbá yín gùn, bọ́ọ̀sì gígùn tí wọ́n ń wà níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ láìlámì yẹn, ẹnì kan lè kà á sí oko tí wọ́n ti ń ro ilẹ̀, ẹlòmíì á kà á sí ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ó, àwọn kan á ní ọkọ bàbá yín, ìyẹn náà wàhálà ni, èyí tó kù n ò lè kọ ọ́ sínú màgásínnì torí àwọn ọmọ ń kà á. Ẹ bi màmá yín.

Nítorí náà tíṣà yẹn ò purọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ṣe é ni ò dáa, ó ṣe é bí ẹni mú olè. Ọmọ tí wọ́n bí sílùú òyìnbó tó sì jókòó kọ ewì Yorùbá fún bàbá ẹ̀, mo rò pé ó yẹ ká kọ́kọ́ fún un lómi mu ná.

Ẹ jẹ́ n sọ bí àwọn ọdẹ ṣe ń ṣe tiwọn. Níbi tí wọ́n bá ti ń sun ìjálá, tẹ́nì kan bá ki oríkì kan tó ṣì í, onìjálá míì lè dìde lójú agbo kó ní irọ́ lo pa, kò rí bẹ́ẹ̀. Gbangba ni o! Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá wí náà ní èsì lẹ́nu, èsì àtayébáyé ni, á ní ọ̀nà ẹtà lọ́tọ̀, ọ̀nà ọ̀yà lọ́tọ̀, kí kálukú gba tiẹ̀, ìyẹn ni pé bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Wọ́n á tún jọ mẹmu. Ẹni tó ń báni wí àti ẹni tí wọ́n ń bá wí, ọdẹ ni wọ́n méjèèjì, ẹnu kan ò gùn ju ẹnu kan lọ. Ti gúrúùpù yín kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnì kan mú bíírò pupa, ẹnì kan ò ní nǹkankan lọ́wọ́.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni pé màá gbé kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sórí fóònù mi, ó wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, màá mú àwọn mẹ́tàdínlógún yẹn màá tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Màá wá fi ẹnu ara mi ka ewì náà sínú fọ́ìsì nóòtì, torí ohùn lewì kó tó di lẹ́tà, tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín kò sẹ́ni tó máa ṣi ọkọ̀ mú fún oko. Kẹ́ ẹ gbé méjèèjì síbẹ̀ pa pọ̀, kẹ́ ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà ní gbangba. Ojú á tì í díẹ̀. Ó sì dáa kó tì í.

Ẹ̀yin tíṣà náà, mo mọ̀ pé ẹ ń ka ibí yìí, ínbọ́ọ̀sì wà fún nǹkan. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìlà tó mú yín dúró, kẹ́ ẹ tó sọ èyí tó ta yín lẹ́sẹ̀, ẹ má sì kó mẹ́tàdínlógún lé ẹnì kan lórí lọ́jọ́ kan, mẹ́ta ti tó fún ọ̀sẹ̀ kan.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi ni àdímìn gúrúùpù kan l'Óṣogbo. Gbogbo ewì tó bá wọlé la máa ń yìn, ká má bàa bà wọ́n lọ́kàn jẹ́. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa, ewì ẹ̀ ò tíì gbó, ṣùgbọ́n “ògbóǹtarìgì”, “àràbà ewì” la máa ń pè é. Ó wá kó owó tó fi pamọ́ lọ fi tẹ ìwé 500, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà báyìí, kò tíì ta tó ogún. Ṣé a jẹ̀bi?* — Àdímìn

Ẹ jẹ̀bi. Ẹ ní oyin ni, ọmọ wá lọ ra ìgò sí i.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, wọ́n máa ń sọ fún un pé “tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́”, wọn kì í sọ fún un pé ó ti ń sáré. Ohun tó jẹ́ kí ìyìn yín di májèlé ni pé ẹ ò sọ ohun tó dáa níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n pè ní àràbà ò mọ ìlà wo ló sọ ọ́ di àràbà, báwo ló ṣe máa tún un ṣe? Ká ní ẹ sọ fún un pé ibi tó ti ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré yẹn dùn, ṣùgbọ́n àárín ń fà bí ẹ̀wà tí ò jinná, ì bá ti sè é sí i kó tó gbé e tà.

Ní báyìí, ẹ kọ́kọ́ san gbèsè. Kí gbogbo ẹni tó pè é ní ògbóǹtarìgì ra ìwé kọ̀ọ̀kan, lówó o, kì í ṣe “ẹ fún mi ní tèmi ká sọ̀rọ̀ owó tó bá yá”. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́nì kan tó fẹ́ràn ẹ̀ jókòó tì í, kí wọ́n jọ kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́. Fún ọjọ́ iwájú, ẹni tó bá fẹ́ ká tún tòun ṣe, kó kọ “ẹ bá mi wò ó” sókè ewì. Ẹni tí ò bá kọ ọ́, ẹ gbọ́ tiẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ wà nínú lẹ́tà tó kẹ́yìn yìí.

*Mà, màmá mi kú lóṣù kẹta. Mo kọ nǹkan sí gúrúùpù wa lóru ọjọ́ kan tí oorun ò wá. Ẹni àkọ́kọ́ tó fèsì ní àfiwé tí mo lò ti gbó, pé gbogbo èèyàn ló ń fi ikú wé olè. Mo ti pa á rẹ́, ẹ̀yin nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí.* — Kò sórúkọ

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Kí Ọlọ́run tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń sun ẹkún ìyàwó l'Ọ̀yọ́, èmi náà wà lára àwọn ọmọ kéékèèké tó ń tẹ̀ lé wọn láti ilé dé ilé. Ó ti kọ́ ọ dáadáa, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń gbè é lẹ́sẹ̀. Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀, kò dé ibi kankan, ohùn já mọ́ ọn lẹ́nu, ẹkún gidi dé. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò sọ pé o fo ìlà kan. Wọ́n gbé orin, wọ́n ń kọ ọ́ lọ wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́, wọ́n ń wo ojú ẹ̀, títí tí ohùn fi padà wá bá a, ó sì ń bá a lọ láti ibi tó dé.

Mo ka tiyín. Ibi tẹ́ ẹ ti ní bàtà màmá ṣì dojú kọ ìta, bí ẹni tó fẹ́ jáde lọ sọ́jà, mi ò lè kọjá ibẹ̀ kíákíá, mo gbé fóònù sílẹ̀ ná kí n tó tún un gbé. Ṣé bàtà yẹn ṣì wà níbẹ̀? Ta ló máa ń gbálẹ̀ yí i ká? Ẹ kọ èyí tó kù sí mi.