Ta ni ó ń sanwó agbẹjọ́rò fún ayálégbé tí onílé fẹ́ lé jáde ní New York?
Ìjọba ìlú náà fúnra rẹ̀ ni. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2017 fún ayálégbé tí wọ́n pè lẹ́jọ́ láti lé jáde ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́, bí owó tí ń wọlé fún ìdílé rẹ̀ kò bá ju ìlọ́po méjì òṣùwọ̀n ìṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi lélẹ̀. Àwọn àjọ tí kì í ṣe ti èrè, bíi Legal Aid Society, ni ìlú ń fún lówó láti ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀tọ́ yìí kò dá lórí ìwé ìgbélùú, èyí tí mo kà sí pàtàkì jùlọ fún àwọn ènìyàn wa ní Bronx àti Brooklyn, nítorí ìbẹ̀rù lè mú ènìyàn kó ẹrù jáde kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀. Ẹ pe 311, nọ́ńbà fóònù ìjọba ìlú náà, kí ẹ sì yọjú sí kọ́ọ̀tù.