Háàdì Dírafù Wo Ni Kí N Rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo ń to kọ̀ǹpútà tí màá fi máa gbá géèmù. Ṣé háàdì olówó pọ́ọ́kú tó ti pẹ́ láyé ni kí n rà, àbí NVMe, ìyẹn SSD tó yára jù, olówó gọbọi? — Akẹ́kọ̀ọ́, Bódìjà

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mi ò ní mú ìkankan nínú méjèèjì. Háàdì tó ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan kì í sábà ka ju bíi 200 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá. SSD kò ní ohun tó ń yí nínú; èyí tó ń lo SATA, ọ̀nà ìsopọ̀ tó ti pẹ́, ń ka tó 550. NVMe olówó gọbọi lè ka tó 7,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn-ún gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n bí géèmù bá ń ṣí, àárín háàdì àti SSD ni ìyàtọ̀ gidi wà. Láàárín SSD sí SSD, kò tó nǹkan. Kò sì séyìí tó máa mú àwòrán já geere. Iṣẹ́ káàdì gíráfíìkì nìyẹn. NVMe alábọ́ọ́dé, 1 TB, tó ọ. Fi owó tó kù kún ti káàdì.

Bóo bá dé Dùgbẹ̀, ní kí wọ́n fi CrystalDiskInfo, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń yẹ dírafù wò, wò ó níṣojú rẹ: wákàtí tó ti ṣiṣẹ́ máa hàn níbẹ̀. Tòkunbọ̀ tí wọ́n ń pè ní tuntun pọ̀ lọ́jà, ẹnu àwọn ọmọ náà sì dùn! Kóo tó sanwó ṣá, rí i pé mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ, pátákó tí ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń so mọ́, ní ojúhò M.2 tó ń gba NVMe. SATA nìkan làwọn ojúhò M.2 míì ń gbà.