Ìbéèrè Yín: Ta Ló Sọ Igi Apá Wa Ní Afzelia?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀, Ìyàrá, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ o, àmọ́ mẹ́ta ló jọra wọn bíi pé ẹ jọ pàdé lọ́jà kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ìyẹn ni mo fi ní kí n kó wọn pọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. SS2 ni mo wà ní Kàbà. Tíṣà wa ní Afzelia africana lorúkọ igi apá. Mo délé mo sọ fún bàbá mi, wọ́n ní apá làwọn bàbá wọn ń pè é, ta ló ń jẹ́ Afzelia? Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Àbúrò, bàbá yín ò jẹ̀bi, apá ni apá. Orúkọ èèyàn ni Afzelia. Adam Afzelius lorúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Sweden, ó wá sí Freetown ní Sierra Leone lọ́dún 1792, ó ń já ewé, ó ń wa gbòǹgbò, ó ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 1794 làwọn ọkọ̀ ogun Faransé bá já wọ ìlú náà, wọ́n bà á jẹ́, gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí ti kó jọ ló bá a lọ. Èmi ì bá ti di ẹrù mi kí n máa lọlé. Òun dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1798, James Edward Smith, onímọ̀ ewé kan ní Lọ́ńdọ̀n, wá fi orúkọ ẹ̀ sọ igi náà.

Ṣùgbọ́n ibi tọ́rọ̀ náà ti wá jìn díẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ Afzelius níwèé ni Carl Linnaeus, òun lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìlú Uppsala ní Sweden ló jókòó sí, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tẹ Áfíríkà, kò tẹ Amẹ́ríkà, síbẹ̀ òun ló ń sọ ewé gbogbo ayé lórúkọ, torí pé lẹ́tà ló ń gbé ayé wá bá a nílé. Èyí tó kọ àti èyí tí wọ́n kọ sí i, tó ṣì wà títí dòní, ju 5,000 lọ. Kì í sì í ṣe lẹ́tà ẹ-kú-ọjọ́-mẹ́ta nìkan o, ewé gbígbẹ tí wọ́n ti tẹ̀ sáàárín ìwé máa ń wà nínú ẹ̀, kóró irúgbìn máa ń wà nínú ẹ̀. Ẹni tó ń fi ewé ránṣẹ́ á já ẹyọ méjì, á kọ nọ́ńbà kan náà sára méjèèjì, á fi ọ̀kan ránṣẹ́, á fi ìkejì pamọ́ sílé, tí èsì bá wá dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan pé nọ́ńbà 14 báyìí báyìí lorúkọ ẹ̀, á ṣí tiẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ nípa ewé kan náà láìjọ wà lójú kan.

Kí Linnaeus tó dé, orúkọ ewé gùn bí oríkì ni. Tòmátì tá à ń lọ̀ sí ọbẹ̀, ohun tí wọ́n ń kọ fún un ni Solanum caule inermi herbaceo, foliis pinnatis incisis, ó ṣì kù díẹ̀ kó parí o, bí ẹni pé ẹ fẹ́ pe ọmọ yín wá jẹun kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ki oríkì ẹ̀ délẹ̀ kó tó dáhùn. Lọ́dún 1753 ló tẹ ìwé kan jáde, nǹkan bíi 6,000 ewé àti igi, ó fún ìkọ̀ọ̀kan lórúkọ ọ̀rọ̀ méjì péré, tòmátì wá di Solanum lycopersicum. Kò fi oríkì sọnù, ó kàn fi orúkọ ṣáájú ẹ̀ ni. Lójú tèmi, ẹni tó ń kọ lẹ́tà lójoojúmọ́ ló lè ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ọwọ́ á ti ro ó.

Ẹ sì máa wo àwọn igi wa yòókù. Oṣè ńkọ́? Adansonia digitata ni wọ́n ń pè é, Michel Adanson ni wọ́n fi sọ, ọmọ Faransé tó gbé Senegal láti 1749 sí 1753, tó ń kọ̀wé sí ọ̀gá ẹ̀ Bernard de Jussieu ní Paris. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé Adanson ò fara mọ́ ètò Linnaeus rárá, Linnaeus náà ló sì fi orúkọ ẹ̀ sọ oṣè. Iṣin wa ńkọ́? Blighia sapida, torí Kápítéènì William Bligh tó gbé e láti Jàmáíkà dé ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀n lọ́dún 1793. Ẹ ò rí i, láti ọ̀dọ̀ wa níbí ni ọkọ̀ ẹrú ti gbé iṣin dé Jàmáíkà, ẹni tó gbé e kúrò ní Jàmáíkà ló wá gba orúkọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àgbẹ̀ kajú ni mí ní Ẹ̀gbẹ̀. Mo fi ọmọ kajú rán mọ́tò sí ẹ̀gbọ́n mi, kí ó tó dé ọ̀hún ó ti kú, ìrìn ọjọ́ kan péré o. Àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó irúgbìn, kí ni wọ́n ń ṣe sí i?"

Bàbá, ẹ má dá tèmi sílẹ̀! Lọ́dún tó kọjá, mo kó ọmọ kajú mẹ́fà fún dírẹ́bà kan ní gàráàjì, mo rọra fi yẹ̀pẹ̀ ìdí wọn sínú ọ̀rá, mo bẹ̀ ẹ́ pé iwájú ni kó gbé e sí, ó ní kò sí wàhálà, búùtù ló jù ú sí, ó gbé àpò gaàrí méjì lé e lórí. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Lọ́kọ́jà, ó ti rọ bí ẹ̀fọ́ tó ti wọ iná. Mo bínú, àmọ́ kí ni mo fẹ́ ṣe, mo ti sanwó tán.

Ìyà yẹn náà ló ń jẹ wọ́n, tiwọn tiẹ̀ le ju tiwa lọ. John Bartram, àgbẹ̀ kan létí Philadelphia ní Amẹ́ríkà, àti Peter Collinson tó ń ta aṣọ ní Lọ́ńdọ̀n, wọ́n kọ lẹ́tà síra wọn ju 30 ọdún lọ, títí Collinson fi kú ní 1768, wọn ò fojú kan ara wọn rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bartram á wọ igbó, á ká kóró, á gbẹ́ gbòǹgbò, á kó o sínú àpótí, nǹkan bí 100 irú kóró nínú àpótí kan, gíní 5, ìyẹn owó wúrà àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, ni wọ́n ń tà á fáwọn olówó tó fẹ́ gbin igi Amẹ́ríkà sọ́gbà wọn. Ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójú òkun. Eku ń jẹ ẹ́, omi iyọ̀ ń ta sí i, ó ń bu, tí ogun bá sì wà lójú òkun ọ̀tá á gba ọkọ̀ tòun ti ẹrù. Èyí tó bá jẹ́ ọmọ igi tútù, omi mímu ló fẹ́, àwọn atukọ̀ sì rèé, wọn ò ní fi omi tí wọ́n máa mu bu igi ẹnì kan.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń ta ni pé wọ́n á gbẹ kóró dáadáa, wọ́n á wé e sínú bébà, àwọn míì á bò ó sínú iyanrìn gbígbẹ. Èyí tí ò fẹ́ gbẹ, John Ellis ní Lọ́ńdọ̀n fi ìda oyin bò ó, ó sì tẹ ìwé kékeré kan lórí bí wọ́n ṣe ń kó irúgbìn gba ojú òkun lọ́dún 1770. Àpótí onígíláàsì tí igi lè máa mí nínú ẹ̀ ò tíì dé, ìyẹn di ọdún 1830 sókè. Nítorí náà bàbá, kóró gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ẹ fi ọmọ igi sílẹ̀. Kajú fúnra ẹ̀, bó ṣe wá láti Brazil nìyẹn, orúkọ tá à ń pè é gan-an ẹnu Potogí la ti gbọ́ ọ, àwọn náà gbọ́ ọ lẹ́nu onílẹ̀ ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti fìlà kún un, torí ọjọ́ tí mo kà á mo rẹ́rìn-ín títí. Collinson máa ń fi aṣọ àti nǹkan ránṣẹ́ sí Bartram láti fi dúpẹ́. Ó wá fi fìlà fẹ́lífẹ́ẹ̀tì ara ẹ̀ ránṣẹ́, Bartram sì kọ̀wé padà pé fìlà ọ̀hún ti gbó. Inú bí ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó ní òótọ́ ni pé ihò kékeré kan tàbí méjì wà létí ẹ̀, àmọ́ aṣọ inú ẹ̀ tuntun ni, ì bá kúkú dá a padà, òun ì bá fi dé orí fún ọdún méjì mẹ́ta sí i nígbà òjò! Collinson yìí kan náà ló kọ̀wé sí i pé tó bá ń lọ Virginia kó wọṣọ tó dáa, torí ara òde làwọn ará ibẹ̀ ń wò. Ẹ rántí pé ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ló ń sanwó ẹ̀ nígbà yẹn, stáḿpù ò tíì sí. Ẹ wá fojú inú wò ó, ẹ sanwó lẹ́tà, ẹ tú u, ìjà fìlà lẹ bá níbẹ̀. Síbẹ̀ wọn ò fi ara wọn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin funfun nìkan ni mo ń gbọ́ nínú ìtàn yìí. Ṣé kò sí obìnrin ni, àbí èèyàn dúdú? Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, Ìsánlú."

Mọ̀mí, wọ́n wà. Jane Colden ní New York, bàbá ẹ̀ ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ Látìn Linnaeus sí Gẹ̀ẹ́sì fún un torí kò gbọ́ Látìn, ọmọbìnrin yìí ya àwòrán ewé, ó ṣàpèjúwe ewé àdúgbò ẹ̀ ju 300 lọ, Collinson kọ̀wé sí Linnaeus nípa ẹ̀. Ìwé tó kọ ṣì wà ní mùsíọ́mù ní Lọ́ńdọ̀n. Ẹnì kan tó bẹ̀ wọ́n wò sọ pé wàràkàṣì tó dùn jù tóun jẹ ní Amẹ́ríkà, òun ló ṣe é.

Ti èèyàn dúdú, Kwasi wà. Ẹrú ni wọ́n mú un láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ó mọ igi kan tó korò bí ewúro tó ń fi wo ibà, wọ́n gbé igi náà dé ọ̀dọ̀ Linnaeus, Linnaeus sì fi orúkọ Kwasi sọ ọ́, Quassia amara, lọ́dún 1762. Kwasi gba òmìnira, àmọ́ ó tún bá òyìnbó dọdẹ àwọn ẹrú tó sá wọ igbó, àwọn ọmọ ọmọ wọn ní Suriname ò tíì dárí jì í títí dòní, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Jane ńkọ́, mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Linnaeus fi orúkọ Colden sọ ewé kan lóòótọ́, Coldenia. Bàbá ẹ̀ ni wọ́n fi sọ.