Má fà á wá sí 3 o: ohun tí spam fi ojú mi rí

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. O ní spam, ímeèlì ìdọ̀tí tí ẹnikẹ́ni ò béèrè, ń ya wọ sáfà ímeèlì ilé-ẹ̀kọ́ yín, ọ̀gá yín sì ní kí o fa máàkì ààlà SpamAssassin (asẹ́ tó ń fún ímeèlì kọ̀ọ̀kan ní máàkì; bí máàkì bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe jọ spam tó) láti 5 wá sí 3, kí gbogbo èyí tó bá ti kọjá 3 máa parẹ́. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo ti gba ọ̀nà yẹn rí.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà kan níbí ní Òṣogbo, ọ̀gá tèmi náà ní ìpolówó oògùn ti kún àpótí òun. Mo fà á sí 3, mo ní kó máa pa wọ́n rẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, gbogbo èèyàn ń kí mi kú iṣẹ́. Ó di ọjọ́ Ẹtì, mò ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ ní Ọláìyá, fóònù dún: olùdánwò tó ń bá wa yẹ ìbéèrè wò láti ìta ti fi wọ́n ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí ìkankan tó dé. Mo sáré padà. Iná ò sí. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá jẹnẹrétọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti lọ kí ìrun Jímọ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ ni mo fi jókòó sórí àtẹ̀gùn, tí òógùn ń bò mí. Nígbà tí mo rí log, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ asẹ́ náà, kà, máàkì 3.4 ló wà níbẹ̀! Baba yẹn fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo àkọlé ẹ̀, HTML nìkan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù, ló sì fi rán an. Ká ní 5 ni mo fi sílẹ̀ ni, yóò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́tà ìbáwí, èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọ̀gá tó pàṣẹ ní òun ò rántí.

Fi 5 sílẹ̀. Má pa nǹkan kan rẹ́, àhámọ́ ni kí o máa tì wọ́n mọ́, kí o máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Bayes, apá SpamAssassin tó ń kọ́ bí a ṣe ń dá spam mọ̀, kò ní ya ẹnu ẹ̀ àfi tí o bá fi àṣẹ sa-learn fún un ní spam 200 àti ímeèlì gidi 200. Spam nìkan ni àwọn èèyàn máa ń fún un, wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́. Ìyókù wà nínú local.cf, fáìlì tí a ń kọ ètò asẹ́ náà sí, o mọ ìyẹn.

Kí n má gbàgbé: kọnsọ́tántì tí wọ́n mú wá láti Èkó gba owó, ó jẹ ìrẹsì, ó sì kọ domain tiwa gan-an (orúkọ tó ń tẹ̀lé @ nínú àdírẹ́sì wa) sára àwọn tí asẹ́ kò gbọdọ̀ yẹ̀ wò. Èèyàn burúkú tó bá ti dọ́gbọ́n fi orúkọ wa ránṣẹ́ ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé nìyẹn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ímeèlì dé lórúkọ bọ́sà: «Mo wà nípàdé, má pè mí, ra káàdì ìpè.» Akọ̀wé wa ti ń fi kọ́bọ̀ ha káàdì lórí tábìlì, eruku fàdákà ti bo ọwọ́ ẹ̀, kí bọ́sà fúnra ẹ̀ tó já wọlé. Tí o bá fẹ́ fàyè gba ẹnìkan, welcomelist_auth ni kí o lò, òun ló ń wo SPF tàbí DKIM, ẹ̀rí pé ibi tí ímeèlì ní òun ti wá ló ti wá lóòótọ́, kó tó gbà. Welcomelist_from kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Tí ọ̀gá yín bá ṣì takú lé 3, ní kó kọ ọ́ sórí ìwé, kó fọwọ́ sí i, kí o tó fọwọ́ kan sáfà.