Ta Ni Ó Ni Ìbò Iléṣà? Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsọ̀kún ní Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń dìbò láti ìgbà tí mo ti tó dìbò. Níbi ìsìnkú kan ní àìpẹ́ yìí, èmi àti àwọn ará Òkèṣà kan jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ní ti ẹgbẹ́ alábùradà ni ẹkùn ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn Iléṣà, ti ẹgbẹ́ onígbálẹ̀ sì ni Ìlà-Oòrùn, pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀kan lára wọn tilẹ̀ fi kún un pé Ìjẹ̀ṣà kì í dìbò fún ẹni tí ó bá ti wà lórí oyè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tú ìtàn ìbò wa wò.
Ọmọ Ìsọ̀kún

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ìsọ̀kún, ọmọ Obòkun, ẹ káre o. Àwọn ará Òkèṣà kò parọ́ tí ó bá jẹ́ ọdún 2022 ni wọ́n ń wò. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún náà, nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dìbò yan gómìnà, Ìwọ̀-Oòrùn Iléṣà fún Ademola Adeleke ti PDP, ẹgbẹ́ alábùradà, ní ìbò 13,769, ó sì fún Gboyega Oyetola ti APC, ẹgbẹ́ onígbálẹ̀, ní 10,777. Ìlà-Oòrùn Iléṣà, tí àwọn ará ibẹ̀ jọ ń na ọjà Àtàkúnmọ̀sà kan náà pẹ̀lú yín, ṣe òdìkejì rẹ̀: APC ní 13,452, PDP ní 10,969. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ yóò rò pé ìlú méjì tí kò mọ ara wọn rí ni. Ṣùgbọ́n ẹ mú bírò, kí ẹ pa ìbò ìlú méjèèjì pọ̀. PDP ní 24,738, APC ní 24,229. Ìbò 509 péré ni ó wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì ní odindi Iléṣà. Ìlú tí ó pín sí méjì ọgbọọgba báyìí, kò sí ẹgbẹ́ tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé tòun ni.

Lóòótọ́, ní ọdún 2018 náà, Ìwọ̀-Oòrùn lọ sí ọ̀dọ̀ PDP, Ìlà-Oòrùn sì dúró ti APC, nínú ìdìbò tí ó jẹ́ pé ìbò 353 ni ó kọ́kọ́ ya Adeleke àti Oyetola ní gbogbo ìpínlẹ̀, kí wọ́n tó tún un dì ní ibùdó méje, tí Oyetola sì fi 482 borí. Ọdún méjèèjì yìí ni àwọn ọ̀rẹ́ yín rí tí wọ́n fi ń sọ pé ọjọ́ ti pẹ́. Ìdìbò gómìnà méjì kò tó ìtàn ìlú kan.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ẹ̀yìn díẹ̀. Ní ìgbà tí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ẹgbẹ́ NCNC, àwọn alákùkọ, ni ó múlẹ̀ ní Iléṣà. Odeleye Fadahunsi, ọmọ Iléṣà tí ó jẹ́ àgbà nínú NCNC, ni ó di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà láti 1963 títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní 1966. Àwọn bàbá wa tí wọ́n dìbò fún àkùkọ yẹn náà, àti àwọn ọmọ wọn, ni wọ́n tẹ̀lé Awólọ́wọ̀ nínú UPN ní 1979, nígbà tí Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, di gómìnà Ọ̀yọ́ àtijọ́ tí Iléṣà wà nínú rẹ̀. Ní 1983 wọ́n kéde Omololu Olunloyo ti NPN dípò rẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ni ó lò kí àwọn ọmọ ogun tó dé ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá.

Wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991. Láti ìgbà náà, àwọn ẹgbẹ́ tí ìpínlẹ̀ yìí ti gùn kọjá kì í ṣe kékeré. SDP ni ó gbé Isiaka Adeleke dé ipò gómìnà, SDP náà ni ó sì gba ìbò tí ó ju mẹ́rin nínú márùn-ún lọ ní Ọ̀ṣun ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993. Ní 1999 ó kan AD àti Bísí Àkàndé. Ní 2003 ó kan PDP àti Ọlágúnsóyè Oyinlọlá. Rauf Aregbesola, tí ó jẹ́ ọmọ Iléṣà, ti ilé ẹjọ́ wọ ilé ìjọba ní oṣù Kọkànlá 2010.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ní Ìjẹ̀ṣà kì í dìbò fún ẹni tí ó wà lórí oyè ti wó. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 2014, Aregbesola ti lo ọdún mẹ́rin dín díẹ̀ lórí oyè, ó tún jáde, Iléṣà méjèèjì, Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn, sì tún dìbò fún un. Ìwọ̀-Oòrùn yín tí wọ́n ń pè ní ilé PDP, lẹ́yìn onígbálẹ̀ ni ó wà nígbà náà. Ní 2019, ẹkùn aṣòfin àgbà tí gbogbo Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà wà nínú rẹ̀, tí ó ti rán Babajide Omoworare lọ sí Àbújá lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ ACN àti APC, yí padà, ó mú Francis Fadahunsi ti PDP.

Kí ni ó wá fà á tí ìlú kan fi pín ní 2022? Èrò tèmi ni èyí, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún yẹn, nínú ìdìbò abẹ́lé APC, Aregbesola dúró lẹ́yìn Moshood Adeoti, Adeoti sì fìdí rẹmi fún Oyetola. Ìjà ilé ni, ìlú tí ẹni tí inú ń bí ti wá sì ni Iléṣà. Ọ̀pọ̀ onígbálẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ni kò rí ìdí tí àwọn yóò fi jáde láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò. Ní Ìlà-Oòrùn, APC ní òpó tí ó fara tì: Timothy Owoeye, tí ó ń ṣojú ẹkùn ìdìbò náà, ni Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ọ̀ṣun láti 2019 sí 2023. Ẹni tí ó bá ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fi í sílẹ̀.

Òpó náà kò pẹ́ kí ó tó yẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 2023, nínú ìjókòó 26 tí ó wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, PDP mú 25. Boripe àti Boluwaduro, tí wọ́n jẹ́ ẹkùn kan, nìkan ni ó ṣẹ́kù sọ́wọ́ APC. Ìlà-Oòrùn Iléṣà, tí ó dìbò fún onígbálẹ̀ ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú, wà lára mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà. Ọmọ òṣómàáló ni wá. Àwọn bàbá wa tí ń ta aṣọ láwìn, bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí ó jẹ wọ́n títí yóò fi san án, wọn kì í bèèrè ẹgbẹ́ tí onígbèsè wà. Ojú yẹn ni mo fi ń wo ìbò Iléṣà. Àwọn olóṣèlú fúnra wọn kò dúró sójú kan: Aregbesola di akọ̀wé àpapọ̀ ADC ní 2025, gómìnà Adeleke sì fi PDP sílẹ̀ lọ sí Accord ní òpin ọdún kan náà. Bí ẹni tí ó gbé àsíá bá ń pààrọ̀ àsíá, kí ni a ó fi de olùdìbò mọ́ ọn?

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ká mi lára jù nínú ìtàn yìí, kò sí ẹni tí ó jiyàn nípa rẹ̀ níbi ìsìnkú yẹn. Ní ọjọ́ ìdìbò 2022, mo dúró sí ibùdó kan ní Ìsọ̀kún títí wọ́n fi ka ìbò tán. Agùnbánirọ̀ tí ó ń bá INEC, àjọ elétò ìdìbò, ṣiṣẹ́ lẹ ìwé èsì mọ́ ògiri. Gọ́ọ̀mù kò mú, ó fi sẹ́lótéèpù kún un. Ìyá àgbà kan tí ó ti jókòó lórí àga oníke láti òwúrọ̀ dìde, ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó wá bi mí pé, “Ọmọ mi, àwa mélòó ni orúkọ wa wà níbí, àwa mélòó ni a wá?” Mo ka iye méjèèjì fún un. Ó mi orí, ó ká àga rẹ̀, ó ń lọ. Kò bèèrè ẹni tí ó borí.

Ìbéèrè màmá yẹn ni mo gbé lé orí gbogbo ìpínlẹ̀. Orúkọ 1,955,657 ni ó wà nínú ìwé olùdìbò Ọ̀ṣun ní 2022. Àwọn 1,479,595 ti gba káàdì wọn. Gẹ́gẹ́ bí INEC ṣe kéde, 823,124 ni ó wá kí ẹ̀rọ BVAS yẹ̀ wọ́n wò. Ìyẹn ni pé ènìyàn 656,471 ní káàdì nínú ilé tí wọn kò jáde, bẹ́ẹ̀ ìbò 403,371 ni Adeleke fi wọlé. Àwọn tí wọ́n jókòó sílé ju àwọn tí wọ́n yan gómìnà lọ dáadáa. Ní ìlú tí ó jẹ́ 509 ni ó ya ẹgbẹ́ méjì, ìdílé méjì mẹ́ta ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tí kò jáde ti tó láti yí ohun gbogbo padà. Bí ẹ bá tún pàdé àwọn ará Òkèṣà, ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ gbé kalẹ̀ fún wọn.

ÌBÉÈRÈ: Yèyé mi ti ń dìbò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé kan ní Ìmọ̀ láti bí ogún ọdún. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ kẹ́yìn, wọ́n ní orúkọ wọn kò sí. Wọ́n padà wálé pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ṣé wọ́n ti yọ orúkọ wọn ni?
Ọmọbìnrin kan, Ìlà-Oòrùn Iléṣà

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa kí yèyé o, ó dùn wá. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé wọ́n gbé orúkọ náà lọ sí tòsí ni. Ní 2021, INEC fi kún ibùdó ìdìbò jákèjádò Nàìjíríà, láti 119,974 di 176,846. Ti Ọ̀ṣun kúrò ní 3,010, ó di 3,763. Ibi tí èrò ti pọ̀ ni wọ́n ti pín àwọn kan lọ sí ibùdó tuntun, nígbà mìíràn kò ju ilé mélòó kan lọ sí ti àtijọ́. Ẹ wo káàdì yèyé: ẹ óò rí nọ́ńbà kan tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 29, tí ó jẹ́ ti Ọ̀ṣun, èyí tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́ọ̀dù, ìparí rẹ̀ ni ibùdó. Bí wọ́n bá ti gbé wọn kúrò, ti àtijọ́ ni yóò wà lára káàdì náà, nítorí náà ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì INEC ní ìjọba ìbílẹ̀ yín kí wọ́n bá yín wá ibi tí orúkọ náà wà báyìí. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìdìbò. Ẹ bá wọn lọ fúnra yín, kí ẹ sì fi ibùdó tuntun náà hàn wọ́n lójú ọ̀sán.

ÌBÉÈRÈ: Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ilé ẹjọ́ da ìbò Ifẹ̀ nù nígbà kan. Ṣé òótọ́ ni?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Ìdìbò gómìnà ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 2007 ni. INEC kéde Oyinlọlá, Aregbesola gba ilé ẹjọ́ lọ, ẹjọ́ náà sì lo ọdún mẹ́ta àti àbọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá 2010, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìbàdàn fagi lé èsì ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá. Ààrin Gbùngbùn Ifẹ̀, Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ àti Gúúsù Ifẹ̀ wà lára wọn; Iléṣà méjèèjì kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ wọ́n kúrò, Aregbesola ní 198,799, Oyinlọlá ní 172,880, wọ́n sì búra fún Aregbesola ní ọjọ́ kejì.

Ohun tí ó dun àwọn àgbà yín nìyẹn: ẹni tí ó fi òtítọ́ inú tẹ̀ka ní Ẹnuwá tàbí ní Lágere, ìbò rẹ̀ bá ti àwọn tí ó ṣe àrékérekè lọ. Lóde òní ọ̀nà díẹ̀ wà láti dáàbò bò ó. Wọ́n máa ń lẹ èsì mọ́ ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń gbé àwòrán rẹ̀ sórí ojúlé IReV ti INEC, níbi tí ẹ ti lè fi fóònù yín wo ti àdúgbò yín. Ẹ fi fóònù ya èyí tí ó wà lára ògiri kí ẹ tó lọ sílé, kí ẹ fi wé ti IReV ní alẹ́ ọjọ́ yẹn; bí iye kan bá yàtọ̀, aṣojú ẹgbẹ́ tí ó wà ní ibùdó yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn, nítorí tirẹ̀ ni ẹ̀dà tí INEC fọwọ́ sí.