Èsì: Ṣé iná ń ba púrótéènì inú wàgàsì jẹ́?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní wọ́n sọ fún yín ní ọjà Kétu pé iná ń pa púrótéènì, èròjà tí ń kọ́ ara, tí ó wà nínú wàgàsì, ìyẹn wàrà dídì àwọn Fúlàní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Púrótéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn: oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ 20, tí à ń pè ní amino asíìdì, ni ara fi ń kọ́ ọ, okùn náà sì máa ń ká mọ́ra ní ọ̀nà tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Nígbà tí àwọn obìnrin Fúlàní ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí bá gbé wàrà kaná, tí wọ́n sì da omi ewé bọmubọmu sí i, ooru ń tú kíká àwọn púrótéènì kan, èròjà inú ewé sì ń gé lára kaséìnì, ìyẹn púrótéènì kan nínú wàrà, títí wàrà yóò fi dì. Ṣùgbọ́n àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ikùn àti ìfun wa fúnra wọn ni yóò já wọn sí wẹ́wẹ́, kí ara lè tún wọn sín di iṣan, di èròjà pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀, àti àwọn tí ń bá àrùn jà. Ẹ̀kọ àgbàdo lásán ni ó ń kọ mí lóminú jù, nítorí pé lísíìnì, ọ̀kan lára àwọn amino asíìdì náà, kò tó nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi ẹ̀wà tàbí wàgàsì kún ti àwọn ọmọ.